Ta Ló Ní Òkun Kò Kan Ará Ìṣẹ̀rí?

Nígbà tí olùkọ́ Bàọ́lọ́jì wa ní kí olúkúlùkù wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá kan tó ń parẹ́, owó ẹyọ kan ni mo mú dání lọ sí kíláàsì. Owó CFA ni, Àǹtí mi tó máa ń lọ ra ọjà ní Kútọnu ló fún mi. Ẹja kan wà lára rẹ̀ tí imú rẹ̀ gùn bí ayùn káfíńtà, tó ní eyín lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó kò ní mọ̀ pé ẹja ni, nítorí pé bí àwọn Akan ṣe máa ń ya á sára òṣùwọ̀n wúrà wọn láyé àtijọ́ ni báńkì tó ń tẹ owó náà ṣe yà á.

N kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa fi dìde. Ó ní, "Ìṣẹ̀rí-Olófin la wà yìí o. Kò sí òkun níbí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Àgbádárìgì lọ máa ro ti ẹja." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹnu mi sì wọhò. Ìgbà tí mo délé ni èsì tó yẹ kí n fún un tó wá sí mi lọ́kàn. Èsì náà ni mo kọ síbí yìí.

Orí orúkọ wa ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwórì ni wá. A gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn baba wa pé nígbà tí Olófin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo kan lé orí omi, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e bí odò ṣe ń gbé e lọ. Ibi tí àwo náà rì sí ni wọ́n tẹ̀dó sí. "Àwo ti rì" ló di Àwórì. Omi ló mú wa wá. Bí a bá ń ṣọdún, tí a ń ki ara wa, a kì í fi omi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú omi bá dé ni a máa ń rántí pé òkun jìnnà sí wa.

Ẹja tí mò ń sọ yìí, ẹja aláyùn ni n ó máa pè é. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Pristis pristis. Ìbátan àkurákudà ni. Kò ní egungun líle lára, kèrékèré ni gbogbo egungun rẹ̀, bíi ti etí wa. Ó lè gùn ju mítà 6 lọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti ògiri kan kíláàsì wa dé ìkejì. Ayùn iwájú rẹ̀ yẹn ni ìyanu tó wà lára rẹ̀. Àwọn ihò wínníwínní wà lára ayùn náà tó fi ń mọ ìwọ̀nba iná mànàmáná tó ń jáde lára ẹja àti edé tó bá sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀. Nínú omi rírú tí ojú kò ti lè ríran, ayùn yìí ló fi ń ríran. Bó bá ti mọ ibi tí oúnjẹ wà, yóò fi ayùn gbá a sọ́tùn-ún sósì, yóò sì gbé e mì.

Kì í yé ẹyin bíi ti àrọ̀ tí à ń sìn nínú adágún. Ó ń lóyún ni, ó sì ń bímọ láàyè, àwọn ọmọ náà kì í pọ̀. Ó lè jẹ́ ẹyọ 1, ó ṣòro kí ó ju 13 lọ. Awọ kan máa ń bo ayùn ọmọ inú rẹ̀ kí ó má baà fa ìyá rẹ̀ ya lọ́jọ́ ìbímọ. Ẹ̀bá ẹnu odò, níbi tí omi iyọ̀ àti omi dídùn ti ń pàdé, ni ìyá máa ń bímọ sí. Àwọn ọmọ á gòkè lọ sínú odò, wọ́n á máa gbé ibẹ̀ fún bí ọdún 3 sí 5, kí wọ́n tó padà sínú òkun tí àwọn àgbà wọn wà. Ó sì tó bí ọdún 8 kí èyí tí a bí lónìí tó lè bí tirẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìpínrọ̀ yẹn kà. Ẹja tó ní ilé méjì ni, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá gbẹ òkun kó tó lè pa irú ẹja bẹ́ẹ̀ run. Bó bá ti dí ẹnu odò, ó parí.

A sì ti ń dí i. Àwọ̀n ọ̀rá tí wọ́n ń ta kọjá ojú omi ni olórí ọ̀tá ẹja aláyùn, nítorí pé eyín ayùn yẹn kò lè kan àwọ̀n kó má há. Ohun tó fi ń wá oúnjẹ ló ń so ó mọ́lẹ̀. Apẹja tó bá fẹ́ gba àwọ̀n rẹ̀ padà á gé ayùn kúrò tàbí kí ó pa ẹja náà. Lẹ́yìn èyí ni ti àwọn tó ń ra lẹbẹ rẹ̀ fún ọbẹ̀ àwọn olówó ní Éṣíà, àti àwọn tó ń ra ayùn rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Irú méjì ẹja yìí ló wà ní etíkun wa tẹ́lẹ̀, láti apá Senegal títí dé Angola, Nàìjíríà sì wà láàárín. Lónìí, Guinea-Bissau àti Sierra Leone wà lára ibi díẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń retí àti rí i ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àjọ IUCN ti fi í sí ìpele ewu tó ga jù lọ kí wọ́n tó kéde pé ẹ̀dá kan kò sí mọ́ lódò àti nígbó. Láyé àtijọ́, orílẹ̀-èdè bí 90 ló ní ẹja aláyùn létí òkun wọn. Ó lé ní ìdajì wọn tó ti pàdánù irú kan, ó kéré tán.

Ohun tó dùn mí ni pé àwòrán rẹ̀ kò parẹ́. Àwọn ará Kalabari ní eégún kan tí ń jẹ́ Oki, ẹja aláyùn gan-an ni. Àwọn ará erékùṣù Bijagós ní Guinea-Bissau ń fi ayùn rẹ̀ sórí jó. Àwọn ará Benin àti Togo ń ná an lójoojúmọ́. A gbé e sórí, a gbé e sínú àpò, a wá jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lọ.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà wa, mo fi owó náà hàn án. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ẹ ti rí irú ẹja yìí rí?" Ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ mi, n kò rí i rí. Ṣé ó dùn?" Mo ní n kò mọ̀. Ó wá ní, "Tí kò bá sí lọ́jà, kí lẹ ń wá a fún?"

Ìbéèrè tó dáa ni, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn. Ẹnu ọ̀nà tí ẹja aláyùn ń gbà ni agbodo ń gbà wọ inú ọ̀sà. Àwọn ọmọ edé kan tí wọ́n ń kó nínú òkun, inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń dàgbà kí wọ́n tó jáde. Nílẹ̀ tiwa níhìn-ín, ẹnu ọ̀nà Èkó, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọlé, ni ọ̀nà pàtàkì tí ọ̀sà Èkó, ti Ológé, ti Àgbádárìgì àti ti Lẹ́kí fi ń bá òkun pàdé. Ẹja aláyùn ló kọ́kọ́ lọ nítorí pé ó tóbi, ó ń pẹ́ dàgbà, ọmọ rẹ̀ kò sì pọ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló nílò ọ̀nà náà. Ìyá, ẹja tí ẹ kò rí rí yẹn, ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti edé tó wà nínú abọ́ yín ń gbà.

Àwọn kan á ní ẹja kì í tán nínú omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe rò ní adágún Nicaragua, ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí ẹja aláyùn pọ̀ sí nínú omi dídùn. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á fún títà. Kí àwọn ọdún 1980 tó rìn jìnnà, ìjọba ti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró nítorí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò tó ọdún 15.

Àwọn mìíràn á ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu apẹja. Rárá o. Apẹja kọ́ ni mò ń bá jà. Àwọ̀n owó gọbọi ni, ẹni tó bá sì ní kí baba ọlọ́mọ gé àwọ̀n rẹ̀ nítorí ẹja, tí kò sọ ẹni tó máa san án, ẹnu lásán ló ń ṣe. Ìjọba ni kí ó san án. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn CITES láti 1974. Láti 2013, àdéhùn náà ti fòfin de títa gbogbo irú ẹja aláyùn tí wọ́n mú nínú omi láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òfin pápákọ̀ òfuurufú àti èbúté nìyẹn. Kò ran ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lóru lọ́wọ́, tí ẹja gígùn ń jà nínú àwọ̀n rẹ̀.

Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú dìbò ní 1994 pé àwọn kò fẹ́ àwọ̀n tó ń há ẹja lọ́rùn mọ́ nínú omi ìpínlẹ̀ wọn, ó sì di òfin ní 1995. Ní 2003 ìjọba àpapọ̀ wọn fi ẹja aláyùn eléyín kéékèèké sábẹ́ ààbò òfin. Ó ṣì ń bímọ níbẹ̀ títí di òní. Kì í ṣe pé wàhálà tán: ní 2024 àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí nínú omi, ọ̀pọ̀ sì kú. Ṣùgbọ́n kíá ni ayé gbọ́, nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣọ́ wọn. Ta ló ń ṣọ́ tiwa?

Ó kù ọ̀rọ̀ "kò sí òkun níbí". Iyanrìn tí wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù ilé wa ní Alímòṣọ́, ṣé láti ojú sánmà ló ti já bọ́? Inú odò àti ọ̀sà ni wọ́n ti ń fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, níbi tí ẹja ń bímọ sí. Ọ̀rá piọ wọ́tà tí a jù sí gọ́tà ní ojú ọ̀nà LASU, bí òjò bá rọ̀, ibo la rò pé ó ń lọ? Àwo Olófin fi hàn wá pé ohun tó bá wọ omi kì í dúró sójú kan. Igi etí ọ̀sà tí gbòǹgbò wọn wà nínú omi iyọ̀, tí àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, à ń gé wọn, à ń da yẹ̀pẹ̀ lé ibẹ̀, a sì ń polówó ilẹ̀ náà fún àwọn òbí wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi ẹja yìí sínú ẹ̀kọ́ Bàọ́lọ́jì, kí ọmọ tó bá rí i lẹ́bàá omi lè mọ ohun tó rí, kí ó sì pariwo. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra ilẹ̀ tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ kún létí ọ̀sà, ẹ béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ rán ènìyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà apẹja kí wọ́n tó kú tán, kí wọ́n bi wọ́n ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn.

Ọmọ kíláàsì wa tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ti gba owó ẹyọ náà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ fi han bàbá àgbà òun tó ń pẹja nígbà kan rí. Kò tíì dá a padà.