Ta Ni Ó Mú Owó Náà?

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ kan, ó sì gbà kí a sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bí a kò bá ti dárúkọ òun. Ìyá yìí ra àǹkárá ní 8,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó sì ń tà á ní 10,000. Nígbà tí ọjà kò yá mọ́, aṣọ 24 ni ó kù nílẹ̀. Ó wá wí fún ọmọbìnrin tí ń bá a tajà pé kí ó yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, nítorí òun kò wá èrè mọ́, owó tí òun fi ra ọjà nìkan ni òun ń fẹ́. Ọmọ náà ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti rán an. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka owó, ó dín 12,000 náírà. Ohun tí ìyá wa ń bèèrè lọ́wọ́ wa ni bí òun yóò ti dá olè ọmọ padà sí ilé rẹ̀ láìbá àwọn òbí rẹ̀ jà.

A tètè dá a lóhùn kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́: ẹ mú sùúrù, ọmọ náà kò jalè. Ìṣirò ni ó mú owó yín lọ.

Bí a bá wí pé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí a ń wí ni pé kí a pín nǹkan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún tí ó dọ́gba, kí a sì mú 25 nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe ìdámẹ́rin rẹ̀. Ìdámẹ́rin 8,000 ni 2,000. Ìyẹn ni ìyá wa fi lé ọjà tí ó fi di 10,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ń yọ tirẹ̀, inú 10,000 ni ó ti yọ ọ́, kì í ṣe inú 8,000. Ìdámẹ́rin 10,000 sì jẹ́ 2,500. Ó ta aṣọ ní 7,500, 500 náírà sì sọnù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ 500 di ọ̀nà 24, ẹ ó rí 12,000 tí à ń wá. Ìdajì iṣu kékeré kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdajì iṣu ńlá, bí a tilẹ̀ ń pe méjèèjì ní ìdajì.

Kí ni ì bá yọ? Ẹ fi 10,000 pín 2,000, kí ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: ìdá 20 ni.

Irú ìjà yìí wà láàárín àwọn àgbà pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2020, owó orí ọjà tí à ń pè ní VAT kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 7.5 ní Nàìjíríà. Ẹnì kan ní ìdá méjì àbọ̀ péré ni wọ́n fi kún un. Ẹnì kejì ní ìdá 50 ni. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn. Lórí ọjà 1,000 náírà, owó orí tí ó jẹ́ 50 náírà di 75. Ẹni àkọ́kọ́ ń wo iye ọjà, ẹnì kejì ń wo owó orí fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ ọjà ti sú, ẹ jẹ́ kí a lọ sí pápá. Nínú eré bésíbọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, wọn a máa ṣírò iye ìgbà tí eléré gbá bọ́ọ̀lù dáradára nínú iye ìgbà tí ó dúró láti gbá a. Ní ọdún 1995, Derek Jeter rí 12 gbá nínú 48, èyí tí í ṣe ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. David Justice rí 104 nínú 411, ìdá 25.3. Ní 1996, Jeter rí 183 nínú 582, ìdá 31.4, Justice rí 45 nínú 140, ìdá 32.1. Justice ni ó borí ní ọdún méjèèjì. Ẹ wá da ọdún méjèèjì pọ̀ nísinsìnyí. Jeter ní 195 nínú 630, ìdá 31. Justice ní 149 nínú 551, ìdá 27. Jeter ni ó borí! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a tún un ṣírò kí a tó gbà á gbọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ọdún tí kò dára fún Justice ni ó gbá bọ́ọ̀lù jù, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún tí ó dára fún Jeter ni tirẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá kàn da ìdá ọdún méjèèjì pọ̀ tí ó sì pín in sí méjì yóò rí 28.2 fún Jeter àti 28.7 fún Justice, yóò sì fi adé lé ẹni tí kò yẹ lórí. Iye tí a gé ìdá kúrò nínú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ bèèrè.

Èsì ìyá aláṣọ ti dé. Ó ní òun ti bẹ ọmọ náà, òun sì ti lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti dé etí wọn. Ó tún bi wá pé bí òun bá fi ìdá 50 lé ọjà, ìdá mélòó ni òun yóò yọ kí ó tó padà sí iye tí òun rà á? Kí àwọn ọmọ ilé bá a ṣe é. Ìdáhùn yóò wà níhìn-ín ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.