Abọ́ Àlòsọnù: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kíní ọdún 2024, Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, Kọmíṣọ́nà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kéde pé ìjọba ti fi òfin de abọ́ fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì àti ẹ̀wà fún oníbàárà. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba jáwọ́ nínú lílo ike àlòsọnù. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin náà ṣẹ lórí ife ike, ṣíbí ike àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Odò Ògùn tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ọ̀sà Èkó ni ó ń ṣàn lọ. Bí àwa ará ilẹ̀ Ẹ̀gbá bá ń da fóòmù sí gọ́tà, ẹrù tí Èkó ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní ìsàlẹ̀ ni àwa yóò máa fi ránṣẹ́ sí wọn láti òkè.

Kò sí àní-àní pé fóòmù ń ba ilẹ̀ jẹ́. Kì í jẹrà. Ńṣe ni ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí wẹ́wẹ́ náà yóò sì wà nínú ilẹ̀ àti nínú omi fún ọdún gbọọrọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sunkún, ó yẹ kí a máa ríran. Òfin tí ó bá gba abọ́ lọ́wọ́ olóúnjẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kọ́bapẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù ni ìlú náà wà, awakọ̀ àti èrò tí ń kánjú sì wà nínú oníbàárà olóúnjẹ ibẹ̀. Fóòmù fúyẹ́, kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè tutù, ó sì dínwó ju abọ́ pépà lọ. Bí obìnrin olóúnjẹ bá ra èyí tí ó wọ́n, yóò fi owó lé oúnjẹ, tàbí kí ó dín òṣùwọ̀n kù. Lọ́nà méjèèjì, òtòṣì tí kò ráyè dáná nílé ni yóò san owó ìmọ́tótó fún gbogbo wa.

Àwọn abọ́ tí a sọ pé wọn kò ba ilẹ̀ jẹ́ pàápàá kò rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ abọ́ pépà ni a fi ike fẹ́lẹ́ tẹ́ nínú kí omi má baà rin ín. Èyí tí a fi àgbàdo ṣe, tí ó jọ ike, ń fẹ́ ooru bí ìwọ̀n 60 Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì ní iléeṣẹ́ tí ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀ kí ó tó jẹrà dáadáa. Bí a bá jù ú sí gọ́tà, yóò pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan tí a fi pàǹtí ìrèké ṣe ni a ti fi kẹ́míkà PFAS pa kí òróró má baà wọ inú wọn; ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé a kò ta irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ mọ́ níbẹ̀ fún ohun tí a fi ń di oúnjẹ. Orúkọ rere tí a kọ sára páálí kò tó ẹ̀rí.

Ewé ńkọ́? Nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé kan náà tí Kọ́bapẹ́ wà ni Ọ̀fàdà wà, ìlú tí ìrẹsì rẹ̀ lókìkí káàkiri, tí a sì ń fi ewé dì fún oníbàárà. Bí a bá ju ewé eéran nù, yóò jẹrà di ajílẹ̀. Síbẹ̀, ewé náà ní ìnáwó tirẹ̀. Abẹ́ igi igbó ni ó ti ń hù. Bí a ti ń pa igbó fún oko àti ilé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń já a yóò máa rìn jìnnà sí i. Ọbẹ̀ tí ó ṣàn kò sì ṣeé gbé rìn jìnnà nínú rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé abọ́ tí ó dára jù lọ ni èyí tí a kì í jù nù. Ẹni tí ó bá jókòó jẹun ní búkà, kí a bu tirẹ̀ sí àwo, kí a sì fọ àwo náà. Ẹni tí yóò gbé oúnjẹ lọ sílé, kí ó mú abọ́ rẹ̀ wá. Ní ibi ìnáwó, ẹ yá àwo. Arìnrìn-àjò nìkan ni yóò wá kù fún ewé àti abọ́ pépà, ìnáwó náà yóò sì fúyẹ́.

Ní ti ìjọba, kí ọwọ́ òfin kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ṣe fóòmù àti ẹni tí ń kó o wọlé, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì. Kí a sì kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní gbígbin ewé eéran sí abẹ́ kòkó àti obì wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọn yóò ṣe nínú nǹkan wọ̀nyí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú abọ́ tirẹ̀ wá sí àríyá ìparí ọdún ilé ìwé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olóúnjẹ kò lè ti ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ fóòmù, ìjọba kò sì lè máa ṣọ́ gbogbo búkà. Kí oníkálùkù gbé èyí tí ó kàn án.