Iná Oòrùn nínú Ilé Ìsìn

Ó ha yẹ kí ìjọ tí ń wàásù ìfẹ́ ọmọnìkejì máa fi èéfín ẹ̀rọ amúnáwá yọ aládùúgbò lẹ́nu bí? Èéfín yìí ń dá kún ooru ayé, òjò sì ń ṣe ségesège. Àgbẹ̀ Àgọ́ Aláyé ni yóò jìyà rẹ̀. Ìjọ Àgùdà ti fi ọ̀nà hàn: ní ọdún 2008, wọ́n to pátákó tí ń sọ oòrùn di iná mànàmáná, tí ó lé ní 2,000, sí òrùlé gbọ̀ngàn ńlá kan ní Vatican. Lóòótọ́, owó pátákó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023 tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè, epo ń jẹ owó ọrẹ ní àjẹrun. Oòrùn kì í béèrè owó. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.