Ìwé Ìbéèrè Nìkan Kọ́ Ni Ìwádìí

Ó ti di àṣà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé bí àkókò iṣẹ́ ìwádìí bá ti tó, ohun àkọ́kọ́ tí a ó bèèrè ni ibi tí a ó ti rí ìwé ìbéèrè ẹni àná dà kọ. A ó yí àkọlé rẹ̀ padà, a ó tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, a ó pín in fún àwọn ará yàrá wa, wọn yóò sì máa fa ilà sí "mo gbà" tàbí "n kò gbà" bí ẹni ń ta ayò. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ti jáde, a sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn òbí kò fẹ́ràn èdè Yorùbá mọ́. Òbí wo? Ẹnikẹ́ni kò bá òbí kankan sọ̀rọ̀. Láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, èyí kì í ṣe ìwádìí.

Àwọn kan yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń ṣe é. Wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ rántí àrùn sòbìà. Kí ó tó di 1987, iye àwọn tí ilé ìwòsàn ń kọ sílẹ̀ lọ́dún kan ní Nàìjíríà pé ó ní in kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ta ni sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí yóò fi ẹsẹ̀ wíwú rin ibùsọ̀ mẹ́wàá lọ sí ilé ìwòsàn, nígbà tí oògùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀? Inú ilé ni ó ń jókòó sí, tí ó ń fi igi tín-ín-rín ká aràn náà díẹ̀díẹ̀, tí èpò sì ń bo oko rẹ̀. Nígbà tí a wá rán àwọn ènìyàn láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń bi onílé léèrè, iye tí a rí fún 1988 lé ní 650,000. Àrùn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ojú tí a fi ń wò ó ni ó yí padà. Nítorí pé a ti mọ abúlé tí ó wà, a mọ ibi tí kànga yẹ, a sì mọ ẹni tí ó yẹ kí a fún ní asẹ́ omi. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in nílẹ̀ wa. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ká ní inú ọgbà ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti pín ìwé ìbéèrè ni, ẹsẹ̀ mélòó ni ì bá ti rọ!

Kì í sì í ṣe pípọ̀ ìwé ni ó ń sọ ìwádìí di òtítọ́. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ìwé ránṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò wọlé ìbò ààrẹ. Èyí tí ó padà lé ní mílíọ̀nù 2. Wọ́n kéde pé Landon ni yóò borí. Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé àwọn tí ó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ orúkọ jọ, ní àsìkò tí nǹkan le koko fún mẹ̀kúnnù. George Gallup, tí kò bi ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ léèrè rárá, ni ó sọ ẹni tí yóò wọlé.

Àwọn tí ń ka ìràwọ̀ pàápàá mọ ẹ̀tàn yìí. Ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ gidigidi a máa hàn láti ọ̀nà jíjìn, èyí tí kò mọ́lẹ̀ a sì pamọ́. Nítorí náà, wọn a kọ́kọ́ ṣírò ibi tí agbára awò wọn mọ kí wọ́n tó sọ iye ohunkóhun. Mélòó nínú wa ni ó ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ rí, ibi tí awò tirẹ̀ mọ?

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì nínú ìmọ̀ èdè tiwa. Ní Freetown, nílẹ̀ Sàró, Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, jókòó ti àwọn tí a gbà lóko ẹrú, ó sì ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní èdè ìlú rẹ̀. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854, èdè inú rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Lábẹ́ orúkọ Akú, ó kọ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó sì sọ irú ẹni tí ó bi léèrè àti iye ọdún tí onítọ̀hún ti kúrò nílé, kí òǹkàwé lè mọ bí òun yóò ti gbà á gbọ́ tó. Ní 1967 ni Abiodun Adetugbo pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sí agbègbè ńláńlá nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni ogún tí a fi sílẹ̀ fún wa, tí a sì fi ń tọrọ ìwé ìbéèrè àlòkù kiri.

Ohun ìtìjú kan tún wà. Ìwádìí ńlá ti 2018 lórí ìlera àti iye ènìyàn ní Nàìjíríà, tí ó bá obìnrin tí ó lé ní 40,000 sọ̀rọ̀, tú ìbéèrè rẹ̀ sí Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ńkọ́? Bí a bá tilẹ̀ jàjà dé ọjà, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa ń nà sí ìyá oníṣu. Màmá yóò ní "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀, kí a lè kúrò ní ìdí àtẹ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó kò sí, àkókò kò sì tó. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ó rọrùn fún olùtọ́nà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ jọra wò. Síbẹ̀, àwọn àgbà tí ń sọ ojúlówó ẹ̀ka-èdè wọn kò dúró dè wá. Bẹ́ẹ̀, a ti ń tú wa ká sí ìlú àti abúlé fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Owó ọkọ̀ tí a ó san ni a ti ń san. Kí ẹ̀ka wa fún wa ní àkójọ ọ̀rọ̀ kan náà, ọgọ́rùn-ún péré: ẹ̀yà ara, oúnjẹ, ìbátan, ohun èlò oko. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bi àgbà mẹ́ta léèrè níbi tí a bá rán an lọ, kí ó gba ohùn wọn sórí fóònù rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ orí wọn àti ibi tí a bí wọn sí, kí ó sì kọ orúkọ àwọn abúlé tí kò lè dé. Kí a kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀ka, kí àwọn tí a bá rán lọ lọ́dún tí ń bọ̀ lè kọ́kọ́ gba ibẹ̀ lọ.