Ta Ló Ní Títi Ṣọ́ọ̀bù Pa Ni Ìsinmi?

Mọ́ńdè Ọdún Àjíǹde, láàárọ̀. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ àti èyí tó ń bọ̀ láti Iléṣà ń ṣẹ́wọ́ síra wọn lójú títì tó gba Ìkejì-Arákejì kọjá. Ọmọ ìjọ ló kún inú àwọn kan, ibi tí Ọlọ́run ti pe Àpóstélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni wọ́n ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ló wà nínú àwọn yòókù, tàwọn ti kúlà oúnjẹ lórí itan, wọ́n forí lé omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Bí abiyamọ kan bá sọ̀ nínú ọ̀kan lára wọn nítorí pé ara ọmọ gbóná, tó sì rìn dé ẹnu kẹ́míìsì, àgádágodo ni yóò bá, àti bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: “Họlidé. Ẹ padà wá lọ́la.”

Kó tó di ọ̀la, ọmọ ọ̀hún á ti dé Ìbàdàn.

Èrò kan ló kọ bébà yẹn. Ó wà lẹ́nu olùṣọ́-àgùntàn, ó wà lẹ́nu àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó wà lẹ́nu ìyá arúgbó tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: pé ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìsinmi, owó ló fẹ́ràn ju Ọlọ́run àti ọmọnìkejì rẹ̀ lọ, pé tí ìjọba bá ti kéde họlidé, kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì, kí àlejò máa wá bó ṣe máa ṣe é. Èrò náà dùn létí, àánú sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, ìpalára tó sì ń ṣe fún ìlú bí Ìkejì-Arákejì kò kéré.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ọ̀hún fúnra wa. Ọdún, ṣíṣe là ń ṣe é. Ẹni tó ń ṣọdún ń gún iyán, ó ń dúńbú ẹran, ó ń tẹ́ ẹní fún àlejò. Lóòótọ́, àwọn orò kan wà tí ìlú ń sé fún, tí ẹsẹ̀ kì í rìn. Ọdún tí a fi ń pe ènìyàn wá sílé kò sí lára wọn. Lóṣù kẹjọ, nígbà tí Arugbá bá gbé igbá kúrò láàfin Àtáọ́ja tó forí lé igbó Ọ̀ṣun, èrò tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ará Òṣogbo nìkan. UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 75, Brazil àti Kúbà sì wà lára ibi tí àwọn ọmọ Ọ̀ṣun ti ń wá. Ta ni yóò dúró lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kó ní kí olóúnjẹ palẹ̀ ìkòkò mọ́ nítorí pé ọjọ́ mímọ́ ni? Mímọ́ ọjọ́ náà gan-an ló mú èrò wá, ebi sì ń pa èrò.

Àwọn ẹlẹ́sìn Kristi ní Ìkejì a máa fi Babalọlá gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Ṣebí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run pè é? Ó fi í sílẹ̀. Ní 11 oṣù kẹwàá 1928, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Odò-Ọwá náà ń wà tí ẹ̀rọ fi dédé kú, tó sì gbọ́ ohùn tó ń pe orúkọ rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ èyí tó gbà dípò rẹ̀ kò mọ họlidé. Lóṣù keje 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Èrò wọ́ wá láti ìlú dé ìlú: aláìsàn tí wọ́n gbé pọ̀n, afọ́jú tí ọmọ fi ọ̀pá fà, àwọn tó gbé kèrègbè dání láti bu omi lọ sílé. Irú èrò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ rí ibi fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tó ta ẹ̀kọ fún arọ tó ti rìnrìn ọjọ́ mẹ́ta kò ba ìsìn jẹ́. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ìsìn náà ṣeé ṣe. Bí ó ti rí nígbà náà ló rí fún ẹni tó ń ta oúnjẹ fún arìnrìn-àjò lónìí ní Ìkejì.

Àṣìṣe kejì wà nínú ẹni tí èrò náà ń pè ní àlejò. Bí wọ́n bá gbọ́ “arìnrìn-àjò afẹ́”, òyìnbó tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ni ọkàn wọn ń lọ bá, wọ́n á sì béèrè pé nítorí òyìnbó mélòó la ó ṣe sọ ọdún wa nù. Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn bàbá wọn, nítorí pé wọ́n ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n ń tà á láwìn, bí gbèsè bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi jáde. Ẹni tó gbé òwò lọ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ilé. Ìgbà ọdún ló ń wálé. Bó ti rí di òní nìyẹn: ọmọ Ìkejì, ọmọ Ìpetu, ọmọ Ẹ̀rìn tó ń gbé Èkó, Kàdúná tàbí London, họlidé ni ọjọ́ tó ráyè. Ó kó ọmọ dání, àwọn ọmọ kò sùn nílẹ̀ baba wọn rí, ìyẹ̀wù ilé sì ti kún fún ẹbí. Ó ń wá yàrá tí yóò gbà, epo tí yóò rà, ẹni tí yóò lẹ táyà. Àlejò nìyẹn. Ọmọ ìlú ni.

Ìbéèrè tó le jù ni ti òṣìṣẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin tó ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀gá ní kó wá lọ́jọ́ Kérésìmesì, tí ọjọ́ kejì kò sì yàtọ̀ sí ọjọ́ kìíní, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni òfin wí? Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 sọ pé nínú ọjọ́ 7, òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ kan tí yóò fi sinmi, wákàtí 24 gbáko láìdá. Wákàtí ló kà. Kò ní dandan kó jẹ́ Sunday, kò sì ní kí gbogbo ìlú sinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá tó bá ṣí lọ́jọ́ ọdún tó fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Túsìdé àti owó lé owó kò jẹ ẹ́ níyà. Èyí tó ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ọdún, tó wá ń lo ọmọ ọlọ́mọ láti Mọ́ńdè dé Sunday ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yòókù, ló ń jẹ ẹ́ níyà, ìyẹn sì ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ì bá máa bá jà.

Ó tún yẹ ká wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a ní gbogbo ayé ń sinmi. Ní Olúmirìn, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ ní ìpele méje, họlidé ni èrò máa ń pọ̀ jù. Ìyá tó ń yan bọ̀ọ̀lì wà níbẹ̀, èéfín ń dà lójú rẹ̀. Ọmọ tó ru píọ̀ wọ́tà sórí ń bá ọkọ̀ sáré. Ọlọ́kadà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fún wọn ní họlidé rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wàásù pé kí ṣọ́ọ̀bù tì ń ra omi lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ tí awakọ̀ kan fi ọdún tirẹ̀ sílẹ̀ wà. Ohun tí ìwàásù náà ń tì ni báńkì, kẹ́míìsì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́: àwọn ohun tí àlejò kò lè rí lórí igbá.

Ilẹ̀ Jámánì fẹ́ràn kí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì ju wa lọ, ìsinmi Sunday wà nínú òfin àgbà wọn. Síbẹ̀, òfin ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣe ní 1956 yọ àwọn ìlú kan sọ́tọ̀: ìlú tí wọ́n ti ń gbafẹ́, àti ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ ń rìnrìn-àjò mímọ́ lọ. Wọ́n gbà kí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ta èso, nǹkan mímu tí kì í ṣe ọtí, ohun ìfọkànsìn àti iṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ní ọjọ́ Sunday àti họlidé tí kò ju 40 lọ lọ́dún, láàárín wákàtí 8. Òfin náà fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣe ju wákàtí 6 lọ lọ́jọ́ náà ní odidi ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìlú ìgbafẹ́, ìlú àjò mímọ́: Ìkejì-Arákejì jẹ́ méjèèjì, omi Olúmirìn lápá kan, ibi ìpè Babalọlá lápá kejì.

Àwa náà lè ṣe é, kò sì dìgbà tí Àbújá bá ṣòfin. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà, àwọn ìjọ, àwọn onímọ́tò àti Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó wà nílùú náà láti 2006, lè jókòó kí oṣù tó wọlé. Kẹ́míìsì kan ṣí ní họlidé yìí, òmíràn lèyí tó ń bọ̀. Ilé epo kan, búkà méjì, fọkanáísà kan, oní-POS kan. Kí wọ́n kọ orúkọ wọn sára pátákó ní gáréèjì, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi sinmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ayé rí i. Kí Mùsùlùmí ṣí lọ́jọ́ Kérésìmesì, kí Kìrìsìtẹ́nì ṣí lọ́jọ́ Iléyá, nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ní méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣí, kí ẹnikẹ́ni má fipá mú un.

Ìpè tó dún lójú ọ̀nà Ìkejì yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 11 oṣù kẹwàá 2028, Ọjọ́rú ni yóò bọ́ sí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó fi 20 oṣù kẹjọ sílẹ̀ fún ọdún Ìṣẹ̀ṣe, lè fẹ́ kéde họlidé fún ìyẹn náà. Bó bá kéde rẹ̀, èrò tí Ìkejì kò rí irú rẹ̀ rí ni yóò wọ̀lú, púpọ̀ nínú wọn yóò jẹ́ arúgbó tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kẹ́míìsì wo ni yóò ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ta ni yóò sì dúró níbẹ̀?