Àlọ́ Tí Ń Bẹ Nínú Dùùrù

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bàbá kan ní ilẹ̀ Jámánì ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹni tí ó fi àlọ́ ṣe ẹ̀bùn fún ọmọ rẹ̀.

Robert Schumann ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1810 ni a bí i. Òǹtàwé ni bàbá rẹ̀, nítorí náà àárín ìwé ni ó dàgbà sí. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm tẹ àlọ́ ilẹ̀ wọn jáde ní 1812.

Ní 1848, nígbà tí Marie, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, fẹ́ pé ọmọ ọdún 7, bàbá yìí kọ orin dùùrù kéékèèké fún un. Ó ń fi kún un títí ó fi pé 43, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé fún àwọn èwe. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ti Knecht Ruprecht, ẹni tí àwọn òbí ibẹ̀ fi ń dẹ́rù ba aláìgbọràn ọmọ. Ìsàlẹ̀ dùùrù ni ohùn rẹ̀ ti ń wá, gìrìgìrì, bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.

Èyí tí ó wù mí jù ni ìkejìlélọ́gbọ̀n, tí ó pè ní Sheherazade. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ Alfu Laila mọ obìnrin náà, ọmọ wàsírì tí ó fẹ́ ọba tí ń pa ìyàwó láràárọ̀. Kò yọ idà, kò sá. Àlọ́ ni ó ń pa lóròòru, kì í sì í jẹ́ kí ó parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ahọ́n rẹ̀ ni ó fi gba ara rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin tí ìbá kàn. Galland ará Faransé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìtumọ̀ ìwé náà ní 1704, tí Yúróòpù fi mọ̀ ọ́n. Orin Schumann lọ́ra, ó sì rọlẹ̀, bí ẹni tí ń bá ọba sọ̀rọ̀ lóru.

Ilé náà kò ṣàì rí ìjì. Ní 1854 àìsàn ọpọlọ mú bàbá kúrò nílé, ó sì kú ní 1856. Clara ìyàwó rẹ̀ ń ta dùùrù láti ìlú dé ìlú kí ọmọ 7 lè jẹun. Marie dàgbà, ó di olùkọ́ dùùrù, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bàtà tí a rà fún ọmọ á já, aṣọ á gbó. Àlọ́ tí a pa fún un kì í gbó. Ta ni yóò pa á fún ọmọ yín lálẹ́ òní?