Kí Ẹ Tó Fi Owó Ẹgbẹ́ Ra Ojú Ìlù Oníná

Ọ̀rọ̀ ọjà ni ti òní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀. Ìlù oníná ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tí àwọn ọmọ ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wáyà wà lára rẹ̀, tí ojú rẹ̀ dà bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bí ẹgbẹ́ akọrin yín bá fẹ́ rà á, tàbí tí ojú rẹ̀ ti já tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ẹ ra àwọ̀n onípele méjì, kódà bó bá gba pé kí ẹ dúró di oṣù tó ń bọ̀ kí owó tó pé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé àwọ̀n ni àwọ̀n ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi kàn wá. Godomey ti kún, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ilé ń fara kan ilé, ìjọ mìíràn ò sì ní ju yàrá tí wọ́n háyà lọ. Ilẹ̀ wa yìí náà ni Samuel Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀, ní Àjàṣẹ́ ní 1947, ìṣọ́ òru kì í sì í ṣe àjèjì láàárín wa. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lùlù o. Ṣùgbọ́n òfin lórí ariwo ti wà ní Benin láti 2001, aládùúgbò tí kò rí oorun sùn sì mọ ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni etí ọmọ tó ń lùlù. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ìwọ̀n ariwo, désíbẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Tí ariwo bá wà ní 85, wọ́n ní kí èèyàn má jókòó tì í ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bó bá fi 3 péré lé sí i, àkókò náà á di ìdajì. Nígbà tó bá máa fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ìlù ńlá onírin àti oníke tí wọ́n ń lù nínú yàrá kékeré lè kọjá 100 dáadáa, ọmọ náà á sì wà nídìí rẹ̀ láti alẹ́ títí àkùkọ á fi kọ. Tó bá délé, á ní etí òun ń hó. Ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Etí tí ariwo bá ti bà jẹ́, kò sí oògùn tó ń dá a padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìlù oníná dára, torí ọwọ́ ẹni tó ń yí ohùn rẹ̀ sókè sódò ni ariwo rẹ̀ wà. Àmọ́ tí ẹ bá so ó mọ́ sípíkà, tí ẹ wá ṣí i dé òpin, ẹ kàn náwó lásán ni.

Ojú rẹ̀ wá ńkọ́? Láyé àtijọ́, awọ ẹran ni ojú gbogbo ìlù; awọ ewúrẹ́ ṣì wà lójú dùndún títí dòní. Iléeṣẹ́ Remo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú ìlù oníke ní Amẹ́ríkà ní 1957. Ní 1997, iléeṣẹ́ Roland ti Japan pẹ̀lú Remo yìí kan náà gbé ìlù oníná TD-10 jáde pẹ̀lú ojú oníàwọ̀n. Ṣáájú ìgbà yẹn, rọ́bà ló wà lójú ọ̀pọ̀ ìlù oníná, ó sì máa ń le mọ́ ọwọ́.

Lábẹ́ àwọ̀n náà, fóòmù kékeré kan wà láàárín gbùngbùn. Òun ló ń gba ìró ọ̀pá, tó ń gbé e fún ẹ̀rọ kóńkóló tó wà nísàlẹ̀. Bí àwọ̀n bá dẹ̀ tàbí tó já, orí fóòmù yẹn ni ọ̀pá á máa bá. Fóòmù á tẹ̀, ìlù á máa dún nígbà tí kò yẹ kó dún, á sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kó fọhùn. Ìgbà yẹn lẹ máa wá mọ̀ pé àwọ̀n olówó pọ́ọ́kú ti sọ yín sínú gbèsè. Ohun tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé wọ́n á gbé ìlù àtijọ́ jáde látinú yàrá, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀n onípele kan kì í ṣe ayédèrú o. Ó rọrùn lápò, kì í pariwo lábẹ́ ọ̀pá, ó dára fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nílé. Àmọ́ ó máa ń ta ọ̀pá padà jù, kò sì lè gba lílù ìṣọ́ òru pẹ́ bíi ti onípele méjì. Onípele mẹ́ta náà wà. Mi ò ní sáré lọ rà á fún gbogbo ìlù, torí ó máa ń wúwo lọ́wọ́ àwọn kan. Bí owó kò bá tó láti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ìlù tí ọwọ́ kì í kúrò lójú rẹ̀ àti ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ lẹ àlẹ̀mọ́ róbótó kékeré sí ibi tí òòlù ẹsẹ̀ ti ń gbá a.

Tí ẹ bá ń lọ sí Kútọnu, yálà ní Tọkpa tàbí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun èlò orin, ẹ mú téèpù dání. Ẹ má wọn òrùka irin tó wà lókè, ara ìlù gan-an ni kí ẹ wọ̀n, láti etí kan sí èkejì. Ínṣì 8, 10, 12 àti 14 ló wọ́pọ̀. Ẹ gbé àwọ̀n náà sókè sí oòrùn, kí ẹ wò ó bóyá ojú ihò rẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí àwọ̀n ti wọ inú òrùka rẹ̀. Tí òwú bá yọ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ dá a padà fún oníǹkan, bó ti wù kó bú yín tó. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú. Bó bá jẹ́ àlòkù, ibi tó bá ń dán tàbí tó bá ń hu irun láàárín ti fẹ́ parí iṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín. Ọwọ́ yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ọ̀pá tí ṣóńṣó rẹ̀ ti sán ló ń pa àwọ̀n jù. Kí olórí akọrin máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì gba ìgbálẹ̀ onírin lọ́wọ́ àwọn ọmọ pátápátá. Tí ẹ bá ń fún ojú ìlù, ẹ yí bóòtù kan díẹ̀, kí ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i ní òdìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi le tó. Tí ẹ bá fún ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó dé èkejì, àwọ̀n á wọ́, á sì já láìpẹ́.

Ẹ tẹ́ ẹní tó nípọn sábẹ́ ìlù ẹsẹ̀ bí èèyàn bá ń gbé nísàlẹ̀ yín tàbí lẹ́yìn ògiri. Àwọ̀n ò lè gba ìyẹn fún yín, torí inú ilẹ̀ ni ìró ẹsẹ̀ ń gbà kọjá. Èyí tí ẹ bá sì yọ tí kò tíì já, ẹ gbé e fún ọmọ kékeré tó ń kọ́ ìlù, kó máa fi ṣeré lọ́sàn-án.